Sùtánà Ogójì àti Omi Lakowe

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni ìyá mi fi pè mí ní nọ́ọ̀sì. Nígbàkúùgbà tó bá pè mí láti Kétu, ohun àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ ni, "Nọ́ọ̀sì mi, ṣé àlàáfíà lo wà?" Màá ní àlàáfíà ni, Màmá, màá sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ọṣẹ kúrò létí. Aṣọ ni mo ń fọ̀ ní Lakowe. Mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé nọ́ọ̀sì kankan láyé mi.

Kétu tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12 o. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ sú mi ní Èkó nìyẹn. Kétu tiwa wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ wa ní ilé ìwé, tí a sì ń fi Yorùbá bú ara wa nílé. Bí mo bá sọ fún ará Èkó pé Kétu ni mo ti wá, á ní ṣé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ pọ̀ lọ́nà? Bí mo bá wá ṣàlàyé fún un, á pariwo, "Haa, ọmọ Àgànyìn!" á sì béèrè ẹ̀wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti rò pé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè mi ni mò ń bọ̀. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí mo dá lóhùn ní ilé ìfọṣọ sọ fún mi pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti iron àwọn cloth mi? Mo fẹ́ pick wọn up before four, abeg." Mo gbọ́ "ṣé ẹ ti", mo gbọ́ "mo fẹ́". Ìyókù dọwọ́ Ọlọ́run. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì wọlé lọ pe ọ̀gá mi.

Àǹtí Kúdí ni ọ̀gá mi. Ọ̀rẹ́ mọ̀lẹ́bí ìyá mi ni. Mọ̀lẹ́bí yìí ló ní kí n máa bọ̀ ní Ajah, pé òun á fi mí sí ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Kí oṣù kejì tó pé, iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbújá, òun náà sì kó ẹrù tẹ̀ lé e. Ó fà mí lé Àǹtí Kúdí lọ́wọ́, ó ní kí n ṣe sùúrù díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi pè, tó bi mí bóyá wọ́n ti gbà mí sí ilé ìwé. Mo gbọ́ bí ayọ̀ ṣe wà ní ohùn rẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé irọ́ oṣù kan péré ni màá fi pa.

Ilé ìfọṣọ wa wà láàárín ayé méjì. Lẹ́yìn wa ni abúlé àtijọ́. Níwájú wa, lódìkejì títì, ògiri gíga ẹ́sítéètì tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù kì í ṣe àwọn ilé wọn tàbí ọkọ̀ wọn. Koríko ni. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ́n omi sórí koríko láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní Kétu, kànga jìn débi pé apá á ti ro ọ́ kí omi tó yọ. Ẹni tó bá rí omi tó mọ́ lójú níbẹ̀, á kàn dúpẹ́ ni, kò ní bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan.

Àǹtí Kúdí ní òfin kan tí kò ṣàlàyé rí. Aṣọ aláwọ̀ ni kí n fi omi kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìnkùlé fọ̀. Aṣọ funfun, àfi omi táńkà tó ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Ṣe bí mo ṣe wí, ọmọ Àgànyìn."

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń nira fún mi jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ láti Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì á kó aṣọ tí sìmẹ́ńtì ti mú gan wá fún wa. Bí wọ́n bá ti rí ara wọn lójú ọ̀nà, ẹnì kan á ké, "Ará Ìlá!" èkejì á ké padà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín fún ìdí tí àwọn nìkan mọ̀. Èmi náà á máa tẹ́tí. Mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á kọjá tó máa kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wa, láìbi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ọdún kan àti ààbọ̀, kò sí. Nǹkan kékeré ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo sunkún lórí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìpè ìyá mi ni mo fi ń gbé ayé, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ìyá mi kì í dá fóònù gbọ́. Iwájú ilé ló ti máa ń pè, á gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ nọ́ọ̀sì wọn. Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ń ro eléyìí, ọ̀fun ń dun tọ̀hún. Ìdáhùn kan ni mo ní fún gbogbo wọn: ẹ lọ sí ọsibítù. Àfi ìgbà kan tí ọmọ ará ilé wa kan ń yàgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n rọ̀ mí títí, tí mo ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún un. Ara ọmọ náà yá. Wọ́n yìn mí tó ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì lè jẹun tó dáa ní gbogbo ọjọ́ yẹn, nítorí mo mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń ṣe tó jọ ìlérí tí mo bá kúrò nílé. Tí a bá ti ṣíwọ́ ní agogo mẹ́rin, mo máa ń lọ gba lẹ́sìn ní Ajah. Tísà wa kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ó tún kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan náà ni bàtà rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Sáyẹ́ǹsì ò dẹ́rù bà mí, mo ti ṣe é ní Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀tá. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi orí tì í wọlé. Ọjọ́ tí èsì jáde, mo ra súyà, mo sì ń jẹ ẹ́ lójú títì ní gbangba bí ẹni pé èmi ni mo ni ìlú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ sùtánà ṣẹlẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní ìsàlẹ̀ abúlé, létí ọ̀sà. Fúnra wọn ni wọ́n máa ń fọ aṣọ wọn, ṣùgbọ́n ìkórè wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá kó ogójì sùtánà wá fún wa. Àǹtí Kúdí lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Táńkà ò wá. Mo dúró títí di ọ̀sán. Mo wá lọ fa omi kànga ẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan, mo wò ó. Ó mọ́ gaara. Mo rí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kedere. Mo ní lọ́kàn mi pé ará Èkó fẹ́ràn àṣejù, omi tó mọ́ báyìí ni wọ́n ń sá fún. Mo fa omi náà kún àwọn ọpọ́n ńlá wa, mo rẹ gbogbo aṣọ sínú wọn, mo sì da bílíìṣì sí i ní ìlọ́po méjì, torí mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí.

Kò pẹ́ rárá. Omi náà yí padà lójú mi, ó di pupa rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tí mo fa aṣọ àkọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ilẹ̀ Kétu ló ní. Mo tún da bílíìṣì sí i, ó sì burú sí i.

Obìnrin mẹ́ta wá gba aṣọ náà ní àárọ̀ Sátidé. Àgbà inú wọn ni Màmá Ìjọ, arúgbó kan tó gbó ṣáṣá, ọmọ bíbí Lakowe. Bó bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Ìjẹ̀bú, mi ò ń gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ fún mi. Ó na ọ̀kan nínú sùtánà náà sí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, ó dà bí ẹ̀jẹ̀."

Màmá Ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, ṣé o wà nínú nǹkan oṣù rẹ lánàá?"

Lóòótọ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni. Nínú ìjọ wọn, obìnrin tó bá wà nínú nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà títí ọjọ́ méje á fi pé, kì í sì í fọwọ́ kan aṣọ mímọ́. Mo mọ òfin náà, èmi àti Àǹtí Kúdí la mọ̀ ọ́n, mi ò kàn rántí ni. Èmi tí mò ń parọ́ fún ìyá tó bí mi, mi ò lè parọ́ fún obìnrin yìí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Jésù," èyí tó kéré wí.

Àǹtí Kúdí, tó ti Ẹ̀pẹ́ dé lálẹ́ àná, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò bi í. Fault mi ni."

Màmá Ìjọ ní kí ó dìde. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣì wà kí ìkórè tó dé, bí a bá lè tún aṣọ náà ṣe, kí a tún un ṣe, bí a kò bá lè ṣe é, àwọn á gbàdúrà sí i. Kò jágbe mọ́ mi rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ojú tì mí débi pé bí ara ẹni bá ṣeé bọ́ sílẹ̀ ni, ǹ bá bọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pe ìyá mi. Àwọ̀ aṣọ náà ló rán mi létí ìpẹtà, èyí tó máa ń dì mọ́ aṣọ bàbá mi tí Màmá bá sá a sórí wáyà tó dógùn-ún. Mo bi í léèrè ohun tó fi ń bọ́ ọ.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Fún un sí i, fi iyọ̀ pa á, kí o sá a sí oòrùn tó mú ṣáṣá. Ṣé aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ ló ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo ti mọ̀. Ilé ìwé ńlá, wáyà tó ti jẹrà ni wọ́n ń sá aṣọ sí. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní kí wọ́n ra okùn." Ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́, mo sì jáde lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi fún ọsàn wẹ́wẹ́ títí ìka mi fi bó. Omi táńkà ni mo fi ṣan gbogbo rẹ̀. Ogójì sùtánà padà di funfun, wọ́n sì wọ̀ wọ́n ṣe ìkórè. Àǹtí Kúdí ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Lọ́dọ̀ tèmi, kò tíì parí. Obìnrin wo ni kò mọ̀ pé omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀? Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í bọ́ ẹ̀jẹ̀. Ìpẹtà ló ń bọ́. Irin nìkan ló sì ń pẹtà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi ló jẹ̀bi tàbí omi.

Mo fa bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun kan tó ti gbó ya sí mẹ́ta. Mo dúró títí nǹkan oṣù mi fi kọjá tó ọjọ́ mẹ́wàá. Mo wá lọ bẹ Màmá Ìjọ pé kí ó wá wo nǹkan kan.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sinmi."

Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ náà ni ò jẹ́ kí èmi sinmi."

Ó wá. Mo to bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Mo fi omi táńkà àti bílíìṣì fọ aṣọ kan: ó funfun. Mo fi omi kànga ẹ̀rọ àti bílíìṣì fọ èkejì: ó pupa, bẹ́ẹ̀ mi ò sí nínú nǹkan oṣù. Màmá Ìjọ wo èkejì yẹn pẹ́. Ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Fa omi kànga yẹn wá fún mi, kí o da bílíìṣì sí i."

Òun fúnra rẹ̀ ló bọ ọwọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta, ó ń fọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka Sáàmù. Nígbà tó fa aṣọ náà jáde, ó pupa ju tèmi lọ. Ó wò ó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mo ti gbàgbé nǹkan oṣù láti ìgbà tí wọn ò tíì la títì yìí!" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Gbọ́ mi dáadáa. Òfin wa, òfin wa ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ yìí, omi ni. A ti fi ẹ̀sùn kàn ọ́ tí kì í ṣe tìrẹ. Màá sọ ọ́ níwájú ìjọ."

Ó sì sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, èyí tó sọ pé ó dà bí ẹ̀jẹ̀ gbé ọ̀pẹ̀yìnbó méjì wá fún mi, ó ń wo ilẹ̀. Mo gbà á. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ.

Tísà wa ló ṣàlàyé ìyókù fún mi. Ó ní irin wà nínú omi ilẹ̀ wa níbí, ó yọ́ mọ́ ọn, ojú ò rí i. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i pẹ́ ló tó jáde, bílíìṣì sì ń lé e jáde kíákíá. Ó wá wò mí. "Àyẹ̀wò tí o ṣe yẹn, ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kọ́ ní university?"

"Nọ́ọ̀sì, sà."

"Ta ló fẹ́ ẹ?"

Mo kó ìwé mi, mo sì wá ọkọ̀ padà sí Lakowe.

Mo ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì báyìí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó yan ẹ̀kọ́ torí bàbá, torí owó tàbí torí orúkọ. Mi ò bú wọn. Èmi gan-an mọ bí ó ṣe rí. Bí mo bá kọ nọ́ọ̀sì sínú fọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì gbà mí, irọ́ ọdún kan àti ààbọ̀ á di òótọ́, ìyá mi ò ní mọ̀ láéláé. Bí mo bá kọ Kẹ́mísírì, ẹ̀kọ́ tó ń wádìí irú ohun tó wà nínú omi yẹn, mo gbọ́dọ̀ tú ara mi fó. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Kétu tí mo mọ ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, ó sì jẹ́ ohun tó máa dójú ti ìyá mi.

Sátidé tó kẹ́yìn fún fọ́ọ̀mù, mo jókòó sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ajah. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ fún wa ti tẹ orúkọ mi, ó tẹ ọjọ́ ìbí mi. "Àǹtí, course wo?"

Mo ní kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ah, Àǹtí, people dey wait o!"

Mo jáde síta, mo pe ìyá mi. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì mi, ìgbà tó dáa lo pè. Ràmátù, ìyàwó ilé kejì, ló jókòó tì mí yìí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ láti àná, ó ní ojú òun ń ṣú. Kí ni kó lò? Sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ tí Ràmátù ń mí. Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Wọn ò gbà mí sí ilé ìwé kankan rí. Irọ́ ni mo ń pa fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí báyìí."

Ìyá mi ní, "Kí wá lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń fọ aṣọ."

"Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá."

Mo rò pé ó máa pa fóònù ni. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ẹ ti gbọ́ ohun tó wí. Ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Aṣọ ló ń fọ̀ ní Èkó. Ràmátù, dìde. Ẹ wá mọ́tò fún wa." Ìpè náà já.

Mo padà wọlé. Ọmọbìnrin náà wo ojú mi, kò pariwo mọ́. Ó ní, "Àǹtí, sorry. Course wo lẹ fẹ́?" Mo ní Kẹ́mísírì. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi ò pè mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi pè é, kò gbé e. Mo ń fọ aṣọ, mo ń lọ sí lẹ́sìn, mo sì ń gbé fóònù mi kiri bí ẹni tó gbé ẹyin. Àǹtí Kúdí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi, ó ní kí n má pè mọ́, kí n jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀. Ó ń bu oúnjẹ tirẹ̀ kún tèmi lójoojúmọ́, kò sì pè mí ní ọmọ Àgànyìn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan ni fóònù dún. Kò pè mí ní nọ́ọ̀sì. Orúkọ tó sọ mí ló pè.

"Ràmátù bí ọkùnrin. Wọ́n ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ má bínú sí mi."

"Mo bínú. Mo ṣì ń bínú." Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ará àdúgbò ń bi mí léèrè ohun tí o wá ń kọ́."

Mo sọ fún un pé mi ò tíì wọlé, pé fọ́ọ̀mù ni mo kọ. Mo sọ ohun tí mo kọ síbẹ̀. Mo sọ nípa irin tó wà nínú omi, nípa sùtánà, nípa Màmá Ìjọ tó bọ ọwọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo sọ̀rọ̀ ju bí mo ti sọ ọ́ fún un rí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Kò dá mi dúró rárá.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni eléyìí?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"Ó dáa. Màá lọ sọ fún wọn."